Ta Ló Gba Ogún Nígbà Tí Iná Dé?

Kọ́kọ́rọ́ náà wà nínú àpò ṣòkòtò òkú. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń da Ìnsípẹ́kítọ̀ Àlàrí láàmú láàárọ̀ ọjọ́ náà, bó ti jókòó sí tésàn Sango tó ń yí kọ́kọ́rọ́ pẹlẹbẹ yẹn síwá sẹ́yìn lórí tábìlì. Wọ́n ti so rọ́bà pupa mọ́ ọn nídìí kó má baà sọnù. Kò sọnù lóòótọ́. Ẹni tó ni ín ló sọnù.

Mùkáílà lorúkọ olóògbé, ọmọ Ìwó tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ike kan lójú ọ̀nà Ìjokò. Ìdí ẹ̀rọ kírọ́ṣà ló wà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ike tó bàjẹ́ wẹ́wẹ́ kí wọ́n lè tún un yọ́. Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kì í gbà kí wọ́n dá ẹ̀rọ kankan dúró nígbà tí iná bá wà, nítorí náà ìgbà tí iná bá lọ ni àwọn òṣìṣẹ́ máa ń ráàyè tún un ṣe. Bí iná ti lọ lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Mùkáílà ti kírọ́ṣà pa, ó yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò, ó sì kó sínú ikùn ẹ̀rọ náà láti ha ike tó lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ ibẹ̀. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Kò jáde, torí ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè tan kírọ́ṣà láìní kọ́kọ́rọ́, kọ́kọ́rọ́ sì rèé lápò òun. Ẹ̀rọ náà tan fúnra rẹ̀ pẹ̀lú òun nínú.

Bí ẹnì kan bá bi Àlàrí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lára rẹ̀, kò ní rí nǹkan kan sọ. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti gbé e wá, láti ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà, àmọ́ láti ìgbà tó ti dé Ọ̀tà, òkú ilé-iṣẹ́ tó ti rí ti pọ̀ débi pé inú rẹ̀ kì í bàjẹ́ mọ́. Ó máa ń wò wọ́n bí ẹni ń wo ògiri. Ó mọ̀ pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Mímọ̀ tó mọ̀ ọ́n náà kò dùn ún.

Dípíò, ọ̀gá tésàn náà, ní tirẹ̀ ti sọ pé ẹjọ́ ti tán. Dámiláre, ẹnjiníà kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà, ti tú àpótí tó ń darí kírọ́ṣà wò, ó sì rí i níbẹ̀ pé orí nẹ́tíwọ̀kì ni wọ́n ti tan án, láti orí àdírẹ́sì kan tó parí sí ogún. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, ó ti fojú ara rẹ̀ rí i lórí ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín nẹ́tíwọ̀kì, pé fóònù Ràbíátù, súpáfáísọ̀ ìdí kírọ́ṣà, ló ni ogún. Ràbíátù yìí ni àfẹ́sọ́nà Mùkáílà, wọ́n sì ti jọ ní gbólóhùn asọ̀ lójú gbogbo ayé lọ́jọ́ tó ṣáájú. Wọ́n ti mú un. Ní ọ̀la, wọn óò gbé e lọ sí kóòtù lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn.

Àlàrí ní kí wọ́n mú un jáde wá. Ràbíátù jókòó, híjáàbù rẹ̀ ti rún, ojú rẹ̀ gbẹ.

"Níbo lo wà nígbà tí iná dé?"

"Ìdí omi, mà, lẹ́yìn mọ́sáláṣí wa. Mo ń ṣàlùwàlá."

"Ta ló rí ẹ?"

"Kò sẹ́ni. Èmi nìkan ni."

"Fóònù rẹ ńkọ́?"

"Ó ti kú. Iná lọ kí n tó rí i ṣájì."

"Ẹnjiníà yín ní fóònù rẹ ló tan ẹ̀rọ."

"Mo gbọ́, mà."

"O ò ní nǹkan kan láti sọ sí i?"

"Àwọn tó wá mú mi ní kọ̀ǹpútà kì í parọ́. Kí ni kí n wá sọ?"

Àlàrí wò ó. Ẹni tó ń parọ́ a máa làágùn, a máa bínú, a máa búra. Èyí kàn jókòó ṣáá.

"Wọ́n ní o bá a jà nílé oúnjẹ."

"Mo bá a jà. Ó tún fẹ́ sún ìgbéyàwó wa síwájú. Mo ní Ọlọ́run á mú un." Ó gbé ojú sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé wọ́n ti sin ín?"

"Wọ́n ti sin ín."

Ràbíátù mi orí bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ọjà ti tú. Ó dìde, ó ń bá ọlọ́pàá tó mú un wá padà lọ.

Ọkùnrin kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì nítòsí káńtà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú Ràbíátù ló ti ń wá jókòó síbẹ̀ láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Múdàṣírù ni, ẹ̀gbọ́n Mùkáílà, ọmọ ìyá kan náà. Òun ló mú àbúrò rẹ̀ wá láti Ìwó, òun ló bá a wáṣẹ́ síbi tí òun náà ti ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀. Bí Ràbíátù ti ń kọjá, kò pariwo. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ̀rọ̀.

"Ràbí, kò ní dáa fún ẹ. Bó o ṣe dá ẹ̀mí rẹ̀ légbodò yẹn, ìwọ náà ò ní rójú rere láyé."

Ràbíátù bá ọlọ́pàá náà kọjá lọ. Àlàrí jáde sí ọkùnrin náà.

"Bọ̀ọ̀dá Múdà, ẹ máa lọ sílé. Ẹ lọ sinmi."

"Mo fẹ́ rí i pé ó dé kóòtù lọ́la, Màdámú. Màámi ò sùn ní Ìwó."

"Níbo lẹ̀yin náà wà lọ́jọ́ náà?"

"Ilé jẹnẹrétọ̀. Èmi ni mo tan án. Ariwo rẹ̀ ò jẹ́ kí n gbọ́ nǹkan kan. Àwọn èèyàn ló sáré wá pè mí."

"Ẹ fi fóònù yín hàn mí."

Ó yọ ọ́ jáde, fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì tí kò mọ nǹkan tó ń jẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì. Àlàrí dá a padà fún un, ó sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lọ́kàn.

*

Kírọ́ṣà ń ṣiṣẹ́ nígbà tí Àlàrí dé ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n ti fọ̀ ọ́. Ọkùnrin mìíràn ló ń da ike sí i lẹ́nu, ó sì ń ṣe é bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ rí. Àlàrí dúró wò ó títí, ó ń retí kí nǹkan kan ṣe òun. Nǹkan kan ò ṣe é.

Bọ̀wálé, máníjà ibẹ̀, jáde wá pàdé rẹ̀, ẹ̀rín ẹ̀tàn lẹ́nu.

"Màdámú, a rò pé ẹ ti mú ẹni tó ṣe é."

"A ti mú ẹnì kan. Ta ni ohun tí wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ wà lórí fóònù rẹ̀?"

"Àwa mẹ́ta péré. Ràbíátù, Dámiláre, èmi."

"Níbo lẹ wà nígbà tó ṣẹlẹ̀?"

"Ìlú Agbára. Mo lọ ṣèpàdé níbẹ̀."

Àlàrí kò bá a jiyàn. Ó rìn lọ bá ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ó kí i, ó bi í léèrè ìgbà tí ọ̀gá dé lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ṣọ́ ní ọ̀gá ti wọlé kí iná tó lọ rárá, òun lòun ṣí géètì fún un. Nígbà tí Àlàrí padà dé ọ̀dọ̀ Bọ̀wálé, ẹ̀rín náà ti kúrò lẹ́nu ọkùnrin náà.

"Ẹ ti dé láti Agbára, ọ̀gá."

"Mo ti dé."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi parọ́?"

"Inú mọ́tò mi ni mo wà. Mo tan ẹ́síì, mo sùn lọ." Ó fọwọ́ nu ojú. "Tí àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ bá gbọ́ pé mo wà nínú ọgbà nígbà tí èèyàn kú, iṣẹ́ mi ti lọ nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yìí burú tó láti jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ní fóònù tó lè tan kírọ́ṣà, tó wà nínú ọgbà, tó tún ń wá bí ẹjọ́ yóò ṣe tètè tán, Àlàrí kò lè gbàgbé irú rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní kí Bọ̀wálé máa tẹ̀lé òun ká.

Ọ́fíìsì tóóró kan ni Dámiláre wà, èyí tí òun pẹ̀lú ilé jẹnẹrétọ̀ jọ lo ògiri kan. Ráútà wà lórí pẹpẹ níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò tíì fá irùngbọ̀n rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Àlàrí fa àga, ó jókòó.

"Ẹnjiníà, ogún tí o ní ó jẹ́ ti Ràbíátù yìí, ta ló fún un?"

"Ráútà ni, mà. Fóònù tó bá wọlé sórí nẹ́tíwọ̀kì kì í ní nọ́ńbà tirẹ̀. Á kígbe pé òun fẹ́ nọ́ńbà. Ráútà á wo èyí tó ṣófo, á fún un."

"Ṣé ó fún un pátápátá ni, àbí ó yá a?"

"Ó yá a ni. Àsìkò wà tó máa lò ó dà. Bí àsìkò yẹn bá pé tí kò sì tún béèrè, ẹlòmíì lè gbà á."

"Bíi nọ́ńbà tí wọ́n ń pín fún àwọn aláìsàn ní ọsibítù."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an, mà."

"Láti orí iye wo ni ráútà yín ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í pín in?"

"Ogún." Ó wo ráútà, bí ẹni pé ẹlòmíì ló sọ ọ́.

"Nítorí náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé láàárọ̀ ló ń gba ogún."

"Ràbíátù ló máa ń kọ́kọ́ dé."

"Mo gbọ́. Bí iná bá lọ, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ráútà?"

"Ó máa ń kú. Bátìrì tó ń gbé e dúró ti bàjẹ́, a ò tíì rà òmíràn."

"Bí iná bá wá dé ńkọ́? Ṣé ó máa ń rántí ẹni tó ti yá ní nọ́ńbà kó tó kú?"

Dámiláre mi orí pé rárá. Bọ̀wálé tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ní ohun tó bá wà lórí ráútà ló wà lórí ráútà, kí ló tún kù tí wọ́n ń wá?

Àlàrí yọ fóònù tirẹ̀. Ó ní kí Dámiláre fi fóònù òun sórí nẹ́tíwọ̀kì wọn, kó sì wo nọ́ńbà tí ráútà fún un. Ó bọ́ sórí nọ́ńbà kan tó jìnnà sí ogún, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ti kún orí rẹ̀ láti àárọ̀. Àlàrí wá nawọ́, ó pa síwíìṣì ráútà lára ògiri. Àwọn iná wẹ́wẹ́ ojú rẹ̀ kú. Ó sọ fún Dámiláre pé kó tún ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé nẹ́tíwọ̀kì náà tẹ̀ sórí fóònù òun, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó sì tan síwíìṣì padà. Òun ló sún mọ́ ráútà jù, nítorí náà fóònù rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé. Ó gbé e fún Dámiláre.

"Kà á fún mi."

Dámiláre wò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Ogún."

"Ẹnjiníà, ṣé kí n lọ ti ara mi mọ́lé?"

Ọ̀rọ̀ yìí ì bá pa èèyàn lẹ́rìn-ín níbòmíràn. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Dámiláre fi ẹ̀yìn ti ògiri.

"Mà, láàárọ̀ ni mo rí ogún lórúkọ Ràbíátù. Lẹ́yìn tí iná dé, n ò tún wò ó. Ìgbà tí mo sì máa dé ìdí ráútà lálẹ́, jẹnẹrétọ̀ ti tún kú, ó ti tún jí. Mo kàn sọ ohun tí mo rántí."

"Nígbà tí iná dé, fóònù Ràbíátù ti kú. Kò sí lórí ìlà rárá. Ẹlòmíì ló gba ogún."

"Ta ni?"

"Ohun tí mo wá béèrè lọ́wọ́ rẹ nìyẹn. Gbé ohun tó wà nínú àpótí kírọ́ṣà wá. Má yọ nǹkan kan kúrò."

Dámiláre ṣí i sójú kọ̀ǹpútà. Ogún wà níbẹ̀, àṣẹ pé kí kírọ́ṣà tan sì wà nídìí rẹ̀. Lókè rẹ̀ gan-an, àdírẹ́sì kan wà tó gùn jàn-ànràn, lẹ́tà àti nọ́ńbà ló pò pọ̀ nínú rẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Ìlànà tuntun fún àdírẹ́sì nìyẹn, mà. Àpótí kírọ́ṣà ò gba ọ̀nà yẹn, ó kọ̀ ọ́. Ohun tó fẹ́ wọlé kọ́kọ́ gba ọ̀nà tuntun. Nígbà tí ibẹ̀ ò ṣí, lójú ẹsẹ̀ ló gba ọ̀nà àtijọ́ wọlé. Wọ́n ní kí n sọ ẹni tó ni ogún, ni mi ò ṣe ka èyí kún."

"Ohun kan náà ló kan ilẹ̀kùn méjèèjì."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ní ìlànà tuntun yìí, ta ló ń pín nọ́ńbà?"

"Kò sẹ́ni tó ń pín in, mà. Ráútà kàn máa ń kéde orúkọ àdúgbò. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nọ́ńbà ilé tirẹ̀, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí orúkọ àdúgbò náà."

Àlàrí sún àga mọ́ ọn. Ó ti pẹ́ tó ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní Abẹ́òkúta, àmọ́ ó fẹ́ kí Bọ̀wálé gbọ́ ọ láti ẹnu ènìyàn tirẹ̀.

"Kí ni ẹ̀rọ náà fi ń ṣe nọ́ńbà ilé yẹn?"

"Àwọn fóònù ìsinsìnyí máa ń ṣe é bó ṣe wù wọ́n, wọ́n sì máa ń pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà máa tọpa wọn. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ ni kì í fi bò. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ wọn lára nílé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ni wọ́n ń lò. Wọ́n á là á sí méjì, wọ́n á ki F mẹ́ta àti E kan sí àárín."

"Wo àárín èyí fún mi."

Dámiláre fi ìka tọ́ ọ. F, F, F, E. Ó wà níbẹ̀ gbangba, láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

"Nítorí náà," ni Àlàrí wí, "ogún ò jẹ́ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ìjókòó ni, ẹni tó bá dé á jókòó. Ṣùgbọ́n èyí, ẹ̀rọ tó ṣe é ti fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá Bọ̀wálé, ẹ mú fóònù yín wá."

Bọ̀wálé gbé e kalẹ̀, òógùn bò ó níwájú orí. Fóònù tuntun ni. Dámiláre yẹ àdírẹ́sì gígùn rẹ̀ wò: kò sí F mẹ́ta àti E láàárín. Ó yẹ tirẹ̀ náà wò lójú Àlàrí, kò sí. Àlàrí mú fóònù Ràbíátù jáde látinú ọ̀rá ọlọ́pàá, wọ́n fún un ní iná díẹ̀, wọ́n tan án. Kò sí nínú ìyẹn náà. Bọ̀wálé mí kanlẹ̀, ó jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó. Ọkàn Àlàrí kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Ó ti rò pé ọkùnrin náà ni, kò sì rí bẹ́ẹ̀, ó tán.

"Kí ló tún wà nílé-iṣẹ́ yìí tó ti gbó, tó sì lè wọ orí nẹ́tíwọ̀kì?"

"Kò sí, mà." Dámiláre ronú. Àlàrí rí i bí ojú rẹ̀ ṣe ń yí padà díẹ̀díẹ̀. "Táblẹ́ẹ̀tì kan wà. Kì í ṣe ti ẹnì kankan, ara ògiri ilé jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n gbé e kọ́. Àwọn ẹ̀rọ tó ń mọ ike nìkan la ṣe é fún. Bí iná bá lọ, ike á máa dì nínú wọn, ẹni tó bá tan jẹnẹrétọ̀ ló máa tètè fi táblẹ́ẹ̀tì yẹn tan gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí kírọ́ṣà níbẹ̀. Kírọ́ṣà ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀."

"Ìgbà wo lo so kírọ́ṣà mọ́ nẹ́tíwọ̀kì?"

"Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú. Ọ̀gá ló ní kí n so ó, pé òun fẹ́ máa rí i láti orí fóònù òun."

"Ẹ̀rọ tó bá ti wọ nẹ́tíwọ̀kì, ṣé kì í bọ́ sórí táblẹ́ẹ̀tì náà?"

Dámiláre gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà. "Fúnra rẹ̀ ló máa ń bọ́ síbẹ̀," ó ní. "Àṣẹ tó bá sì ti orí nẹ́tíwọ̀kì wá kì í béèrè kọ́kọ́rọ́."

"Ta lẹ sọ fún?"

Dámiláre wo Bọ̀wálé. Bọ̀wálé wo ilẹ̀.

*

Múdàṣírù ń nu jẹnẹrétọ̀ nígbà tí wọ́n wọlé. Ó kí wọn. Àlàrí ní kó jọ̀wọ́ bá òun gbé táblẹ́ẹ̀tì ara ògiri. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lára ìṣó, ó bọ́ ọ̀rá tí wọ́n fi wé e nítorí epo, ó tún fi apá ẹ̀wù rẹ̀ nu ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n lè rí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ dáadáa. Nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ tó ṣe é wà lára bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Dámiláre gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí wọ́n rí nínú àpótí kírọ́ṣà. Ààbọ̀ àkọ́kọ́, F mẹ́ta àti E, ààbọ̀ kejì. Àyípadà kékeré kan péré ló wà níbẹ̀rẹ̀, èyí tí ìlànà náà máa ń ṣe sí gbogbo wọn. Ó mi orí sí Àlàrí. Táblẹ́ẹ̀tì náà ni.

Àlàrí ì bá fẹ́ kí ọ̀ràn náà parí síbẹ̀, kó yí padà, kó wọ ọkọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ràbíátù wà ní sẹ́ẹ̀lì, ọ̀la sì ni kóòtù.

"Bọ̀ọ̀dá Múdà, ẹ sọ fún mi ohun tẹ́ ẹ ṣe nígbà tí iná lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ má fo nǹkan kan."

"Ohun tí mo máa ń ṣe náà ni. Mo da epo dísẹ̀lì sí i, mo tan án, mo yí iná sórí rẹ̀. Mo dúró kí eléyìí mú nẹ́tíwọ̀kì. Ó mú un. Mo tẹ̀ ẹ́."

"Kí lẹ tẹ̀?"

"Gbogbo." Ó fi ìka kan tọ́ ojú táblẹ́ẹ̀tì láìfọwọ́ kàn án. "Èèyàn ò gbọ́dọ̀ falẹ̀, torí ike tó ń dì."

"Ṣé kírọ́ṣà wà nínú gbogbo?"

"Rárá o. Kọ́kọ́rọ́ kírọ́ṣà wà lọ́wọ́ Mùkáílà. Ìdí nìyẹn tí kò fi jáde. Ó mọ̀ pé èmi ni mo wà níbí."

Dámiláre ti bẹ̀rẹ̀ sí sunkún láìpariwo. Múdàṣírù wò ó, ó wo Bọ̀wálé tó dúró lóde tí kò fẹ́ wọlé, ó wá wo táblẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀.

"Ẹnjiníà, ẹ so ó mọ́ ọn?"

"Ọjọ́ Ẹtì, sà."

"Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi."

"A ò sọ fún yín, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà."

Múdàṣírù tún ọ̀rá wé táblẹ́ẹ̀tì náà, ó fi kọ́ sórí ìṣó, ó sì tún un ṣe kó má baà wọ́. Lẹ́yìn náà ló bi Àlàrí bóyá òun lè bá wọn lọ sí tésàn. Kò sunkún. Àlàrí mọ irú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti ń gbé inú irú àìsunkún bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan.

*

Dípíò kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ń ṣe fúnra rẹ̀. Àlàrí tún ọ̀rọ̀ fóònù tirẹ̀ àti ráútà ṣàlàyé fún un títí ó fi ní ó tó. Ó ní kí wọ́n tú Ràbíátù sílẹ̀, kí Bọ̀wálé jókòó kọ ohun tó mọ̀ sílẹ̀, ẹni tó ní kí wọ́n so ẹ̀rọ tó lè pani mọ́ orí ìka ènìyàn láìkìlọ̀ fún un. Bọ̀wálé ní òun fẹ́ pe lọ́yà òun. Wọ́n ní kó pè é.

Nígbà tí Ràbíátù jáde, Múdàṣírù ló kọ́kọ́ rí lórí bẹ́ǹṣì. Ó dúró. Ẹ̀rù ń bà á, Àlàrí sì rí i. Àlàrí fúnra rẹ̀ ló sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ní kúkúrú, láìfi ohun kan pamọ́: ẹni tó gba ogún, ohun tó wà lára ògiri, ohun tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ Ẹtì tí wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ràbíátù gbọ́ ọ tán. Ó rìn lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Múdàṣírù.

"Ràbí," ni ọkùnrin náà wí. "Mo ṣépè fún ẹ láàárọ̀ yìí."

"Mo gbọ́ ọ, Bọ̀ọ̀dá."

"Má jẹ́ kó jà, jọ̀ọ́."

"Kò ní jà."

Múdàṣírù yọ fóònù rẹ̀, ó wá nọ́ńbà kan. Ràbíátù di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Bọ̀ọ̀dá, kì í ṣe báyìí. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́." Múdàṣírù rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ohùn ìyá wọn láti Ìwó ròkè débi pé gbogbo ẹni tó wà ní káńtà ló gbọ́ ọ.

"Múdà? Ṣé wọ́n ti rí ẹni tó pa ọmọ mi?"

"Wọ́n ti rí i, Màámi."

"Ta ni?"

Àlàrí na ọwọ́ láti gba fóònù náà. Kò mọ ohun tí òun fẹ́ sọ. Àyà rẹ̀ ń dùn ún, dídùn gidi, ibi tí nǹkan kan ò ti dùn ún láti ọjọ́ pípẹ́.

"Èmi ni, Màámi. N ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́."

Kò sí ohùn lórí fóònù náà. Wọ́n rò pé ó ti já. Nígbà tó yá, ìyá náà sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Múdà, máa bọ̀ nílé."

Múdàṣírù gbé ojú sókè wo Àlàrí, bí ẹni tó ń tọrọ àyè. Àlàrí mi orí fún un pé kó máa lọ.